Ọ̀nà Orí Òkè Nígbà Òjò Dídì

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú wa, sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú



Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa láti oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, fi àwòrán ránṣẹ́ sílé. A rí wọn tí wọ́n ń dáná nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀, tí òjò dídì sì bo orí ọkọ̀ náà. Ìyá ọkọ bú sẹ́kún, ó ní ṣé wọ́n ti lé àwọn ọmọ òun jáde nílé ni. Àwọn kan ní ìyà Ìlú Ọba ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ṣètò owó tí a ó dá fún wọn. Ìdí nìyí tí Akọ̀wé wa fi ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni wọ́n háyà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, irú èyí tí a tẹ́ ibùsùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì fi sítóòfù gáàsì àti táǹkì omi sí nínú. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ibẹ̀ ni ilé wọn, bí ìgbín. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti fẹ́ra. Iṣẹ́ òru ni ọkọ ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀sán ni aya ń ṣe, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé bí àlejò. Nígbà òtútù ni owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dínwó, wọ́n sì yàn láti wà pọ̀. Èmi kò rí ẹ̀bi wọn.

Láti Glasgow wọ́n gba títì A82 lọ sí àríwá, wọ́n tọ etí adágún Loch Lomond, wọ́n la Rannoch Moor kọjá, ilẹ̀ irà àti òkúta tí gbogbo rẹ̀ funfun bí òwú títí ojú kò fi tó o mọ́, tí àwọn àgbọ̀nrín sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá jẹ koríko létí títì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ àfonífojì Glencoe. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1692, àwọn ọmọ ogun tí ìdílé MacDonald ti gbà lálejò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì dìde ní ìdájí, wọ́n pa àwọn onílé wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó sá àsálà, òtútù ló pa wọ́n lórí òkè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí òun ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ lóru, tí afẹ́fẹ́ gbá òun lójú, ni ìtàn náà tó yé òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọyẹ́ ń mú, ẹ gbọ́: ní abúlé Altnaharra ní àríwá ilẹ̀ náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1995, òtútù fi ìwọ̀n Celsius 27.2 sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ní òdo gan-an ni omi ti ń dì. Ti àwọn ọmọ wa kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n omi inú táǹkì wọn dì ní alẹ́ kejì. Òòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Gáàsì pàápàá ní tirẹ̀: oríṣi tí wọ́n ń pè ní butane kì í jáde nínú sílíńdà mọ́ bí òtútù bá ti dé ìwọ̀n òdo, nítorí náà propane ni arìnrìn-àjò ìgbà òtútù ń rà.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé fetí sí nìyí. Bí òtútù bá le, ó máa ń wu ènìyàn láti ti gbogbo fèrèsé pa, kí ó sì jẹ́ kí sítóòfù máa jó di òwúrọ̀. Ikú ni. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú carbon monoxide jáde, olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹni tó bá mí in símú lójú oorun lè má jí mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri ọkọ̀ náà tí yóò han gooro bí olóró náà bá wà nínú afẹ́fẹ́; síbẹ̀, wọ́n ń pa sítóòfù kí wọ́n tó sùn, wọ́n sì ń fi aṣọ púpọ̀ bora. Olóró kan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìkòkò èédú tí a gbé wọ yàrá ń tú jáde níhìn-ín.

Ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n jà, ẹsẹ̀ òkè Bealach na Bà ni. Ọ̀nà tóóró ni, ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn àfi níbi tí a bá fẹ̀ sí. Ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gun òkè tó ga tó mítà 626, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Applecross létí òkun. Pátákó tó wà nísàlẹ̀ kìlọ̀ pé a kì í sábà lè kọjá níbẹ̀ nígbà òjò dídì. Ọkọ ní kí wọ́n dán an wò. Ẹni tó ti wakọ̀ ní Ìbàdàn, kí ni òkè yóò fi ṣe? Aya ní kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún òun. Fún wákàtí kan, kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tó ń fọ́n iyọ̀ sójú títì dé (iyọ̀ ni wọ́n fi ń yọ́ yìnyín), awakọ̀ rẹ̀ wo òkè, ó yí orí ọkọ̀ padà. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀.

Ọ̀nà etí òkun láti Shieldaig ni wọ́n wá gbà. Kí àwọn ọdún 1970 tó dé, kò sí i. Bí òjò dídì bá ti dí òkè, mọ́tò kò lè wọ Applecross mọ́, àfi ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá mọ afárá odò wa ní oṣù Kẹsàn-án kò ní béèrè ìtumọ̀ èyí lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ náà sì ní kí n sọ fún yín pé owó tí ẹ fẹ́ dá fún wọn, kí ẹ fi kún owó afárá.

Láti Applecross wọ́n rí erékùṣù Raasay ní òdìkejì omi. Wọ́n gba orí afárá Skye, tí a ṣí ní ọdún 1995, láti lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò débẹ̀. Àwọn ará ìhà àríwá erékùṣù yìí bẹ ìjọba fún ọ̀nà ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò rí i gbà. Calum MacLeod, àgbẹ̀ tó tún ń pín lẹ́tà, ra ìwé àtijọ́ kan lórí ọ̀nà lílà, ó gbé ṣọ́bìrì, díígà àti bárò, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìjọba bá a fọ́ àpáta ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyókù, òun nìkan ni, fún bí ọdún mẹ́wàá. Ó parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1974, ó sì gùn ju máìlì kan ààbọ̀ lọ. Ọdún 1982 ni ìjọba ìbílẹ̀ tó gbà á, tí wọ́n da ọ̀dà sí i. Nígbà náà, òun àti aya rẹ̀ nìkan ló kù ní Arnish, abúlé tó torí rẹ̀ la ọ̀nà.

Àwọn ọmọ wa wakọ̀ gba ojú ọ̀nà náà dé òpin ní ọjọ́ keje, wọ́n ń rọra, nítorí yìnyín wà ní àwọn kọ́nà. Ọkọ sọ fún mi pé òun sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, òun fi ọwọ́ kan òkúta tí Calum tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò tíì yẹ̀. Ọdún 1988 ni bàbá náà ti kú.