Ọmọ Tí Kò Lè Jókòó Jẹ́ẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àyẹ̀wò ADHD Lọ́dọ̀ Dókítà Aládàáni àti Ìwọ̀n Oògùn Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Ìmáàmù bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òbí sọ ní mọ́sáláṣí wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù)

   

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ìyá kan nínú ìjọ wa mú ọmọkùnrin rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ ní, “Alfa, ẹ dákun, ẹ bá mi ka Àlùkùránì sí i lórí. N kò mọ ohun tí ó ń dà á láàmú.” Ilé kéú ti dá a padà sílé nítorí pé kì í jókòó. Bí wọ́n bá ní kí ó ka áyà kan, kí ó tó kà á dé ìdajì, ojú rẹ̀ ti wà lójú fèrèsé. Ní ilé ìwé, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìkọ lẹ́tà sílé. Bàbá rẹ̀ ti nà án títí, ó ti rẹ bàbá fúnra rẹ̀. Mo ka Àyátul-Kursiyyu sí i, mo ṣe àdúrà, mo sì ní kí ìyá rẹ̀ ṣe sùúrù, pé bí ó bá dàgbà yóò fi í sílẹ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé tẹlifíṣọ̀n tí ó ń wò ni ó pọ̀ jù. Èmi tí mo jáde ní ilé kéú, tí mo tún lọ sí yunifásítì, n kò bi í léèrè bóyá ó ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi. Láàrin rẹ̀, ilé ìwé lé ọmọ náà sílé fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò tíì tán lọ́kàn mi, òun ni mo fi ní kí n bá yín sọ ọ́ ní gbangba.

Ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ADHD. Ó jẹ́ àìlègbé ọkàn lé ohun kan, àìlèfarabalẹ̀, àti kí ènìyàn máa ṣe nǹkan kí ó tó rò ó. Kì í ṣe àrùn tuntun tí àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀. Dókítà kan, ará Scotland, Alexander Crichton, ti kọ̀wé nípa irú àìlègbé ọkàn lé ohun kan bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1798. George Still sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu fún àwọn oníṣègùn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ní ọdún 1902. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àlùjọ̀nnú, kì í sì í ṣe àìkọ́-ọmọ-dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin a máa ní in pẹ̀lú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú tiwọn kì í sáré kiri. Wọn a jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn wọn a sì ti lọ sí ibòmíràn, nítorí náà ni a kì í fi tètè mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà láti gba àyẹ̀wò. Èkíní ni kí dókítà àdúgbò, ẹni tí a ń pè ní GP, fi ènìyàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn NHS tí ó wà ní agbègbè rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìdúródè rẹ̀ lè gba ọdún. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń pè ní Right to Choose. Bí GP bá gbà pé ó yẹ kí a yẹ̀ ọ́ wò, o lè yan ilé ìwòsàn mìíràn tí ó ní àdéhùn pẹ̀lú NHS, NHS yóò sì san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ èyí. Ilẹ̀ England nìkan ni ẹ̀tọ́ náà wà. Ará Wales tàbí Scotland kò ní in. Ẹ̀kẹta ni ti aládàáni, tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ san. Ọ̀nà yìí ni ìyá ọmọ wa gbà. Owó àjọ ni ó kó, àwọn ará ilé sì dá sí i.

N kò bá ẹni tí ó gba ọ̀nà ẹ̀kẹta wí. Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Ní oṣù May ọdún 2023, ètò Panorama ti BBC fi hàn bí akọ̀ròyìn kan ṣe lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni mẹ́ta, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ó ní ADHD lẹ́yìn tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Dókítà àgbà ti NHS tí ó fi ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò ní kò ní in. Àyẹ̀wò tòótọ́ a máa bèèrè ìtàn ìgbà èwe, nítorí pé àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12. A máa bèèrè bí ó ti rí nílé àti bí ó ti rí nílé ìwé tàbí níbi iṣẹ́, nítorí pé ibì kan ṣoṣo kò tó. A máa wò ó bóyá àìsùn tàbí àníyàn ni ó fà á. Ẹ kó ìwé èsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, bí ẹ bá ṣì ní in. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ GP yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀: bí dókítà aládàáni bá rí ìwọ̀n oògùn tí ó bá ọmọ yìí mu, ṣé ẹ ó gbà láti máa kọ ọ́ fún un? Òfin kò fi dandan mú GP láti gbà. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa san owó dókítà àti owó oògùn lóṣooṣù. Mo mọ ẹni tí èyí dé bá, tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìrówó san.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti oògùn. Èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ọmọdé ni methylphenidate. Ní ọdún 1944, Leandro Panizzon ní ilẹ̀ Switzerland ṣe é, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, sọ ọ́ ní Ritalin. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kò rí nǹkan!) Fún àgbàlagbà, ó lè jẹ́ òun tàbí lisdexamfetamine. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì, ó yẹ kí wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, gíga rẹ̀, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè bóyá àrùn ọkàn wà nínú ìdílé. Ibi tí kò bá ti wọ̀n ọ́n, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ìwọ̀n oògùn yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú díwọ̀n. Arákùnrin méjì lè ga bákan náà, kí ìwọ̀n tí ó tó ọ̀kan pọ̀ jù fún èkejì. Nítorí náà, kékeré ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa wo àǹfààní, tí yóò sì máa wo ìpalára: àìfẹ́-jẹun, àìrí-oorun-sùn, orí fífọ́, ọkàn tí ń lù kìkì. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn alẹ́ẹ̀kan-lóòjọ́ tí ó jẹ́ mìlígírámù 18. Ó dára díẹ̀. Wọ́n gbé e dé 27, ó parí ojú ìwé kan láìdìde. Wọ́n gbé e dé 36. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé ìyìn wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú ìyá rẹ̀ dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ni ó sọ pé, “Màámi, ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́rìn-ín mọ́.” Lóòótọ́, ọmọ náà jókòó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò sì jẹun. Nígbà tí ìyá sọ èyí fún dókítà, ó dá ìwọ̀n náà padà sí 27. Ó ní òun kò fún un ní oògùn kí ó lè di ère. Ìyá náà sọ fún mi pé ó dun òun láti pàdánù ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí òun rí fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé àwa òbí a máa fẹ́ ìrọ̀rùn tiwa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ fetí sí èyí. Ọ̀dọ́ kan nínú yín lo hóró méjì dípò ẹyọ kan ní alẹ́ ìdánwò. Ọkàn rẹ̀ lù títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù láàárọ̀, kò sì ṣe ìdánwò náà. Òmíràn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Lábẹ́ òfin Misuse of Drugs Act ti ọdún 1971, fífún ẹlòmíràn ní oògùn wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n, kódà bí ẹ kò bá gba owó. Ní ìgbà tí oògùn náà wọ́n gógó ní ilẹ̀ yìí, láti oṣù September ọdún 2023, àwọn kan ń yá ara wọn. Ẹ má ṣe é. Ọ̀dọ̀ apoògùn àti dókítà ni kí ẹ lọ.

Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí bóyá kò háráámù, nítorí pé ó bá oògùn olóró tan. Ohun tí mo gbà ni pé èyí tí dókítà fi àyẹ̀wò kọ, ní ìwọ̀n tí ó kọ ọ́, ìwòsàn ni, Ànábì wa sì ti ní kí a máa wá ìwòsàn. Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kí ó lè máa ṣòjú-oorun, n kò lè fọwọ́ sí i.

Ní ti ààwẹ̀, gbígbé hóró oògùn mì ní ọ̀sán a máa ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ń lo alẹ́ẹ̀kan-lóòjọ́ lè lò ó ní ìdí sààrì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun kánú, bí dókítà wọn bá gbà. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Ramọdáànù tó wọlé. Bí sààrì bá kọjá lórí yín, ẹ má lò ó nígbà ìṣínu, oorun kò ní kùn yín. Ẹ má sì lo méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dípò rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ààwẹ̀ yóò pa á lára, ìyọ̀ǹda tí Ọlọ́hun fún aláìsàn wà fún un nínú Sūratul-Baqarah, kí ojú má tì í.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín lára, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà. Ọmọ wa gba tirẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Ó ti pé ọdún 16 báyìí. Mìlígírámù 27 ni ó ṣì ń lò, wọ́n sì ń wọn ìwúwo àti gíga rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó ti padà sí ilé kéú, ó sì ti ka Sūratul-Mulk dé ìparí. Òun ló jókòó ní sààfù kejì yẹn, ó sì ti fún mi láyè láti sọ ọ́.