Bí Ọkàn Yín Ṣe Ń Lù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré kẹ́ ẹ tó wọ iléeṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Aago olówó ńlá kò pọn dandan láti mọ bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti mọ iye tí ọkàn yín lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220. Ẹni ogójì ọdún, 180 ni òpin tirẹ̀, àfojúbù ni o. Fún eré jẹ́jẹ́, 108 sí 126 ti tó fún un. Ooru àti àìsùn iṣẹ́ alẹ́ máa ń mú ọkàn sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rìn. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ dúró, ẹ tètè lọ rí dókítà.