Ohun Tó Wà Lára Ọ̀rá àti Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò gùn. Àwa tí à ń gbé Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí wa láàárọ̀. Àwa la mọ̀ pé bébà kì í bá ẹni jiyàn: ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n tẹ̀ náà ni wọ́n á tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwòrán ọsàn lára páálí tàn yín. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka èròjà inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó fún ọmọ ilé-ìwé. Òfin NAFDAC ni pé èyí tó pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Tó bá jẹ́ omi àti ṣúgà ló ṣíwájú, omi aládùn lẹ fowó rà.

Ẹ tún rántí búrẹ́dì. Nígbà tí olóògbé Dora Akunyili jẹ́ ọ̀gá NAFDAC, láti 2001 sí 2008, wọ́n gbógun ti bromate tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì kó lè wú. Àwọn oníbúrẹ́dì wá ń kọ ọ́ sára ọ̀rá pé tiwọn kò ní bromate. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí ti bá a nínú búrẹ́dì tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká nàka sí ẹlòmíràn nìkan. Nígbà tí iṣu wọ́n, ọ̀kan nínú wa ní ká po láfún mọ́ èlùbọ́ tí ẹgbẹ́ ń dì, ká ṣì máa lo ọ̀rá tó ní "Èlùbọ́ Iṣu Pọ́ńbélé" lára, torí a ti sanwó rẹ̀. Ìpàdé gbóná lọ́jọ́ náà! Níkẹyìn, a pò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n a tẹ ọ̀rá tuntun: "Iṣu àti Láfún." Owó ọ̀rá àkọ́kọ́ wọgbó. Àwọn oníbàárà kan sá fún wa. Ọ̀kan tó padà wá sọ pé àmàlà náà kò dúdú tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ a ò purọ́ fóun.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ ọ̀rá, kó kọ́kọ́ mú ohun tó fẹ́ kọ wá sí ìpàdé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ọjà á tà o.