Ara Tó Ń Sanra, Ara Tó Ń Rù: Ohun Tó Yẹ Ká Béèrè Kí Abẹ Tó Kan Ẹ̀yìn



Bí aláìsàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì á kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó parí. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kílò mélòó ni ẹni náà ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Bó bá ti yí padà, kí ló yí i padà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹni tó sanra. Eegun márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, dísìkì sì wà láàárín wọn. Ní 1934, Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Boston, fi hàn pé dísìkì tó yọ síta tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára lè fa ìrora tó ń gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, àti pé abẹ lè yọ ọ́. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, a máa ń da aláìsàn dojú bolẹ̀ lórí férémù kí ikùn rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀ láìkan ohunkóhun. Bí ikùn bá tóbi débi pé ibùsùn ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú ikùn kò ní rọ́nà lọ geere. Yóò yà sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi tí abẹ wà gan-an yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀rá ẹ̀yìn bá nípọn, ojú abẹ á jìn, iṣẹ́ á pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú ọ̀rá kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ ibẹ̀ kì í fi í tètè jinná tí kòkòrò àìfojúrí fi ń ráyè wọ̀ ọ́.

Ṣé ká wá lé ẹni tó sanra padà sílé ni? Rárá o. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní SPORT, ilé ìwòsàn 13 ní ìpínlẹ̀ 11 l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú rẹ̀ ní 2013 fi hàn pé àwọn tó sanra jù tí dísìkì wọn yọ kò rí ìdẹ̀ra tó àwọn yòókù, ì báà jẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tàbí wọn kò ṣe é. Síbẹ̀, èrè tí iṣẹ́ abẹ fi ju ìtọ́jú mìíràn lọ kò yàtọ̀ láàárín ẹni tó sanra àti ẹni tí kò sanra. Sísanra ń bu èrè abẹ kù ni, kò sọ ọ́ dòfo.

Ti ẹni tó ń rù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní 1936, Hiram Studley, oníṣẹ́ abẹ ní Cleveland, yẹ ìwé aláìsàn 46 wò, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọgbẹ́ inú fún. Nínú àwọn tó ti pàdánù ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn lọ, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kú. Nínú àwọn yòókù, kò tó ẹnì kan nínú ogún. Abẹ inú ni tiwọn lóòótọ́, àmọ́ ara kan náà ló ń wo ọgbẹ́ ẹ̀yìn sàn, bí kò bá sì ní purotéènì tó, kí ni yóò fi dí i?

Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Ẹni 80 kílò tó di 72 láàárín oṣù mẹ́fà láìgbààwẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn lóru, tí ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́, ẹ má tíì sáré mú abẹ. Ikọ́ àwúgbẹ lè wọ eegun ẹ̀yìn, ó sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Oògùn tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ oṣù ló ń wo púpọ̀ nínú àwọn tó ní in sàn láìfi abẹ kàn wọ́n. Jẹ̀jẹ̀rẹ náà lè gba ọ̀nà yẹn wá.

Sísanra òjijì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ mọ kóró kéékèèké tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ẹ̀yìn dídùn, dexamethasone tàbí prednisolone, tí wọ́n máa ń pò mọ́ oògùn mìíràn sínú ọ̀rá kan. Ìrora á fúyẹ́, oúnjẹ á máa wuni jẹ, ojú á kún rọ̀bọ̀tọ̀. Aládùúgbò á ní, "Ìyá Bùnmi, ara yín mà ti yá o, ẹ ti ń dán!" Ara kò yá. Oògùn yẹn ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kó sọ fún dókítà akunnilóorun kí ọjọ́ abẹ tó pé.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹni tó sanra tí ọjọ́ abẹ rẹ̀ ṣì jìnnà, kó dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀: kí òkèlè àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dín kù, kí ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin má dín. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, kó má febi para rẹ̀ nítorí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, kó má dúró de ìwọ̀n kankan, kó wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra máa ń sọ fún wa pé, "Dókítà, bí ẹ̀yìn yìí bá ti jinná, ma á máa rìn, ma á sì fọn." Àwọn olùwádìí kan tọpa irú wọn lẹ́yìn abẹ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò fọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ sanra sí i. Abẹ kì í kọ́ni ní oúnjẹ jíjẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn kúrò ní wọ́ọ̀dù láìmọ ohun tí yóò máa jẹ àti ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kó wo ihò bẹ́líìtì rẹ̀, kó sọ bó ṣe sún sí fún dókítà. Bí a kò bá bi yín, ẹ sọ ọ́ láìbéèrè.