Ọkàn Mímọ́ Nìkan Kò Tó Láti Tọ́jú Dúkìá Ìjọ
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ìlú Àkúrẹ́ àti Oǹdó

  



Bí wọ́n bá bi ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì léèrè ohun tó tún fẹ́ kọ́, ìdáhùn tó sábà máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn ló dára, Ìsìláàmù kò sì kọ ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó dáhùn pé ìmọ̀ ìṣàkóso ni òun ń lọ kọ́, ìyẹn bí a ti ń darí iṣẹ́ ìjọba, àti bí a ti ń darí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, irú èyí tí ń bójú tó mọ́sálásí, ilé-kéwú, ilé ìwòsàn àti àpò sàká. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni pé ìmọ̀ náà kì í ṣe ìmọ̀ ayé lásán. Ara amáánà ni, àìní rẹ̀ sì ń ba iṣẹ́ ẹ̀sìn jẹ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń rí. Àwọn olùfọkànsìn mélòó kan da owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ láti kọ́ mọ́sálásí àti ilé-kéwú. Nítorí pé wọ́n fọkàn tán ara wọn, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀. Wọn kò forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọn kò ní ìwé òfin ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀. Owó Jímọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, inú orí ẹni náà sì ni ìṣírò rẹ̀ wà. Kò sí olè láàrin wọn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Ọlọ́hun gba ẹ̀mí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìwé náà jáde, wọ́n ní ogún bàbá àwọn ni ilẹ̀ náà. Ẹ̀rí wo ni ìjọ fẹ́ mú dé kóòtù? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe àìsí ìgbàgbọ́ ló wó irú ilé bẹ́ẹ̀. Àìsí ìṣàkóso ni.

Ohun tí ẹ̀sìn fi kọ́ni

Nínú Súrà Yúsúfù (12:55), Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ ọba Íjíbítì pé kí ó fi òun ṣe alámòójútó ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Ohun méjì ni ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: pé òun lè pa nǹkan mọ́, àti pé òun ní ìmọ̀ iṣẹ́ náà. Kò dúró lórí ìkíní nìkan. Ẹni tó ṣeé fọkàn tán ṣùgbọ́n tí kò ní ìmọ̀ yóò fi ọkàn rere pàdánù oúnjẹ ìlú. Ẹni tó ní ìmọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fọkàn tán yóò jí i.

Nínú Súrà Tọ́úbà (9:60), Ọlọ́hun ka ọ̀nà mẹ́jọ tí a ń ná sàká sí. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí sàká fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọlọ́hun tìkára Rẹ̀ ni ó yọ owó iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ni gbígba sàká, kíkọ ọ́ sílẹ̀ àti pípín in, kì í ṣe ohun tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ kàn ń ṣe. Nínú Súrà Bàkárà (2:282), èyí tí ó jẹ́ áyà tó gùn jù nínú Alùkùránì, àṣẹ lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni Ọlọ́hun pa. Ẹni tó bá ní ìwé kíkọ kò bá ìfọkàntán mu kò tíì ronú sí áyà náà dáadáa.

Bukhari àti Muslim gbé hádíìsì ọkùnrin kan wá tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó pín ohun tó kó bọ̀ sí méjì, ó ní apá kan jẹ́ ti ìjọ, wọ́n sì fi apá kejì ta òun lọ́rẹ. Inú Ànábì kò dùn sí i. Ó gun orí mínbárì, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ìbá gbé ọrẹ náà wá bá a bí ó bá jókòó sí ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ohun tí àwọn yunifásítì ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lónìí nípa gbígba ẹ̀bùn lẹ́nu iṣẹ́ ti wà nínú ìbéèrè kan yẹn.

Ẹ tún wo Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Nígbà tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar ṣe wákáfù, ó là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn tí èrè ilẹ̀ náà wà fún. Ó gba alámòójútó láyè láti jẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú rẹ̀. Abu Dawud sì gbà á wá pé Hafsa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó fi àmójútó náà lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí irú ìwé yìí bá ti wà fún ilẹ̀ mọ́sálásí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, kò sí ọmọ tí yóò pè é ní ogún bàbá rẹ̀. Kí ẹ̀yin arábìnrin pẹ̀lú sì rí ipò yín nínú ìtàn Hafsa.

Ibi tí a ti lè rí ìmọ̀ náà kọ́

Ní 1963, nígbà tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ṣì wà lábẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Yunifásítì Ifẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀kan nínú àwọn tó darí rẹ̀ ni Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ti kàwé gboyè ìṣàkóso iṣẹ́ ìlú ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba àpapọ̀ pè é ní 1971 láti bójú tó àtúnṣe ọrọ̀-ajé. Òun ni wọ́n kà sí baba ètò àgùnbánirọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Gbogbo ọ̀dọ́ tó ti wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ rí ti jẹ nínú èso ìmọ̀ ìṣàkóso, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, àwọn tó ti kọ́ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n nílò láti gbé ìpínlẹ̀ tuntun dúró. Títí di òní, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò owó ilé-ìwé, ọ̀nà àti omi fún gbogbo ìpínlẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Ó yẹ kí Mùsùlùmí tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kì í ṣe láti gba ti ẹlòmíràn fún àwọn ènìyàn rẹ̀, bí kò ṣe láti ṣe déédéé fún Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí déédéé ni Ọlọ́hun pa láṣẹ.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ibi ẹ̀kọ́ wà. Ojú ọ̀nà kan ló so Oǹdó mọ́ Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń kọ́ni títí dé oyè kejì nínú ìṣàkóso iṣẹ́ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní MPA. Yunifásítì NOUN, tí ìjọba tún gbé dìde ní 2002 fún àwọn tó fẹ́ kàwé láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, ó sì ń kọ́ni ní MPA pẹ̀lú. Ẹni tó ní HND sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe PGD kí ó tó wọlé. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ni ètò ìsúná, àmójútó òṣìṣẹ́, ìlànà ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀nà ìwádìí. Àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní oyè kejì tó dá lórí àwọn ẹgbẹ́ tí kò wá èrè nìkan. Ní ti ọ̀dọ́ tó bá ń ṣe MPA nílé, ó lè fi ìwé àṣekágbá rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí wọn: bí àwọn mọ́sálásí Àkúrẹ́ ṣe ń kọ owó sàká sílẹ̀, tàbí bí àwọn ilé-kéwú Oǹdó ṣe ń rí owó oṣù olùkọ́ san. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fún un ní oyè, yóò sì ṣe ìjọ láǹfààní.

Ìdáhùn sí àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn àgbà tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò ní MPA. Òótọ́ ni, Ọlọ́hun yóò sì san wọ́n lẹ́san rere. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí iṣẹ́ wọn pẹ́ kò fi ìṣètò ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ló dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú wọn. NASFAT bẹ̀rẹ̀ ní 1995 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àdúrà. Nígbà tó di 2007, ó ti ní Fountain University ní Òṣogbo. Àdúrà nìkan kọ́ ni a fi ń dá yunifásítì sílẹ̀.

Òfin ìlú pẹ̀lú ti yí padà. Lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC yóò polówó orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, wọn yóò sì fún aráyé ní ọjọ́ 28 láti takò ó. Lẹ́yìn èyí, láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá lọ́dọọdún, ó gbọdọ̀ fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Ta ni yóò máa rántí? Ta ni yóò kọ ọ́?

Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó kò sí. Owó tí a fi ń ṣe àsè lọ́dún méjì lè rán ọmọ kan lọ. Kí ẹ̀ka Àkúrẹ́ rán ẹnì kan, kí ẹ̀ka Oǹdó rán ẹnì kan, láti inú owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá dá fún un, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀ pé yóò fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pe irú ìmọ̀ báyìí ní fárílà kífáyà: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn ìjọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo wọn.

Àwọn àgbà pẹ̀lú ní ìbẹ̀rù tiwọn, pé ọmọ yóò gba oyè tán, yóò sì padà wá fi ìwé-ẹ̀rí bú àwọn tó rán an níṣẹ́. Ìbẹ̀rù náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tó bá kàwé dé bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: kí ó gba ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ó gba ìwé owó, kí ó máa ka ìṣírò sí etígbọ̀ọ́ ìjọ lóṣooṣù. Bí àwọn àgbà bá rí i pé kọ́bọ̀ kan kò sọnù, àwọn fúnra wọn ni yóò pè é síwájú. Ìmọ̀ láìsí ìwà, ẹrù ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá gboyè. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀ mọ́sálásí. Bí ó bá jẹ́ ti ẹnì kan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé, kí wọ́n kọ ìwé wákáfù níwájú ẹlẹ́rìí. Ọ̀la lè pẹ́ jù.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Kí Ó ṣe wọ́n ní ẹni tó lè pa amáánà mọ́. Kí Ó forí jin àwọn tó ti lọ, kí Ó sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn di èyí tí kò ní bàjẹ́. Àmín.