Ẹ Má Fo Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù

  Mo júbà ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu mi. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ìbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí gan-an ni orí ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀: ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìyá àgbà bá ní "Ààlọ́ o!", tí àwọn ọmọ sì dáhùn pé "Ààlọ̀!", kò sí ọmọ tí yóò bi í pé ọjọ́ wo ni ìjàpá kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé inú àlọ́ ni àwọn wà. Olóògbé Hubert Ogunde mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Kí eré orí ìtàgé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní opening glee. Òun ló ń tún ọkàn èrò ìwòran ṣe de eré.

Àwọn tí ń ṣe fíìmù náà ní ìjúbà tiwọn. Òun ni àwọn orúkọ tí ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin àti àwòrán tó ń bá wọn rìn. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ bu gúgúrú tàbí ń wá ibi tí rìmóòtù wà. Ní ọdún 2017, Netflix tilẹ̀ gbé bọ́tìnì kan jáde tí ẹni tí ń wo eré alápá-apá lè tẹ̀ láti fo ibẹ̀ kọjá. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín lónìí ni pé kí ẹ má máa fò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu fún wa bí ọkàn wa yóò ṣe rí, kí ìtàn tó sọ ohunkóhun. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe é fún òun, ẹlòmíràn ni yóò máa darí ẹ̀rù rẹ̀.

Irú fíìmù tó fi èyí hàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní thriller, fíìmù tí ń gbé ọkàn ẹni sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Thriller kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òkò ń bọ̀. Ibi tí yóò gbà wá àti ẹni tí yóò bà ni kò ní sọ.

Nígbà kan rí, àwọn orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí kò ju àkọsílẹ̀ lásán lọ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù. Ẹni tó yí i padà jù lọ ni Saul Bass, ọmọ New York tí wọ́n bí ní 1920, tó sì kú ní 1996. Ní 1955 ó ṣe ìbẹ̀rẹ̀ The Man with the Golden Arm, tí Otto Preminger darí, fíìmù nípa ọkùnrin kan tí oògùn olóró sọ di ẹrú. Bass kò ya abẹ́rẹ́, kò sì ya ojú ènìyàn. Ọ̀pá funfun mélòó kan ló ń rìn lórí ilẹ̀ dúdú, títí wọ́n fi di apá kan tó wọ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ agolo fíìmù náà, pé kí ẹni tí ń gbé e síta ní ilé sinimá ṣí aṣọ ìkélé kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ṣáájú ìgbà náà, aṣọ ìkélé kì í sábà ṣí títí orúkọ yóò fi tán.

Ẹ jẹ́ kí n fi fíìmù méjì ṣe àpẹẹrẹ. Alfred Hitchcock ló darí méjèèjì, Bass ló ṣe ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì, Bernard Herrmann ló kọ orin méjèèjì. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Ìlà lásán sì ni Bass lò nínú méjèèjì. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkàn ẹni yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Àkọ́kọ́ ni North by Northwest, ti 1959. Ilẹ̀ aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ hàn. Àwọn ìlà tó dagun ń gba orí ara wọn kọjá, títí ó fi dà bí ìwé tí àwa oníṣirò owó ń to owó sí. Orúkọ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi lift. Láìpẹ́, ìwé yẹn di ara ilé gíga onígíláàsì ní New York, a sì ń rí àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá lára dígí rẹ̀. Orin Herrmann ń sáré bí orin ijó. Èrò ń ti ara wọn. Níkẹyìn, Hitchcock fúnra rẹ̀ sáré dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn sì pa dé mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rín pa wá. Kí Cary Grant tó sọ ọ̀rọ̀ kan, a ti mọ̀ pé ìlú ńlá ni, pé eré sísá yóò pọ̀, pé ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rín kò ní tán lẹ́nu wa.

Èkejì ni Psycho, ti 1960. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ ju dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú lọ. Àwọn ọ̀pá ń já wọlé láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gé orúkọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n tún tú u ká. Nínú orin náà, Herrmann kò lo fèrè, kò sì lo ìlù. Violin àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan ni, àwọn ohun èlò olókùn tí a ń fi ọ̀pá ha bíi gòjé tiwa, tí wọ́n sì ń ha á kíkankíkan. Wọn kò tíì pa ẹnikẹ́ni, a kò tíì rí ẹ̀jẹ̀, àmọ́ àyà wa ti ń já. Orúkọ tó ń fọ́ yẹn ti sọ fún wa pé ọkàn ẹnì kan nínú ìtàn yìí kò wà ní odindi. Nígbà tí orin dákẹ́, ìlú Phoenix la rí láti òkè, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú àkọlé tó dárúkọ ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kejìlá, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 43. Bí àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ló rí. Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ tiwa ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Nínú orúkọ àwọn òṣèré tí Psycho kọ síbẹ̀rẹ̀, Janet Leigh ló gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ṣe ni ìtàn náà kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé káàkiri. Kí ló dé tí wọ́n fi ẹni iwájú sẹ́yìn? Kí fíìmù tó dé ìdajì, ẹni tó ka orúkọ ti rí ìdáhùn.

Ní 1995, Kyle Cooper ṣe ìbẹ̀rẹ̀ Se7en fún David Fincher. Fíìmù àgbàlagbà ni; 18 ni àjọ BBFC tí ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ fún fíìmù nílẹ̀ yìí fún un, nítorí náà ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe tiyín. Àwọn lẹ́tà orúkọ ń gbọ̀n; ọwọ́ ni wọ́n fi ha wọ́n, bí ẹni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ló kọ wọ́n. A rí ọwọ́ kan tí ń rán ìwé pọ̀, tí ń gé fọ́tò, ṣùgbọ́n a kò rí ojú. Ọwọ́ ọ̀daràn inú ìtàn ni. Wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ òṣèré tó ṣe é mọ́ àwọn tó kù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí rẹ̀. Ohun tí wọn kò kọ náà jẹ́ ara iṣẹ́.

Tí a bá wò ó dáadáa, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń lò: ohun tí etí gbọ́, bí lẹ́tà ṣe rí, àti bí nǹkan ṣe ń rìn lójú wa. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bí onílù bá ti yí ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ oníjó yóò yí padà kí ó tó rò ó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa mọ onílù wa, a ń rí i lójúkojú, a sì lè náwó fún un tàbí kí a ní kó sinmi. Onílù inú tẹlifíṣọ̀n, a kì í rí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ń ṣiṣẹ́ òru. Àwọn ọmọ sì ń wo fíìmù nínú yàrá, lórí fóònù, pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí. Àjọ BBFC lè sọ fún wa pé PG ni North by Northwest, pé 15 ni Psycho, ṣùgbọ́n kò lè bá wa kọ́ ọmọ láti mọ ohun tí ń ṣe ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Kì í sì í ṣe fíìmù nìkan. Ìpolówó ọjà ń lo ọgbọ́n kan náà, ètò ìròyìn ń lò ó, àwọn olóṣèlú náà ń lò ó. Bí ètò kan nípa àwọn àjèjì tó wá gbé ìlú yìí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù tí ń dún gbì-gbì, àwòrán tó ṣókùnkùn àti lẹ́tà pupa, ẹ̀rù wa ti wọ ọkàn aládùúgbò wa kí ẹnikẹ́ni tó sọ òótọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀rù sílẹ̀ yóò lè béèrè pé, "Ṣé ohun tí mo gbọ́ ló bà mí lẹ́rù ni, àbí orin tó ṣáájú rẹ̀?" Ẹni tó bá lè béèrè bẹ́ẹ̀, wọn kò lè tètè fi orin ṣì í lọ́nà. Kò sì ní fi orin kórìíra ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín láti ṣe kò le. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ yan fíìmù tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu. Ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ láìsí ohùn. Ẹ tún un wò pẹ̀lú ohùn. Kí ẹ wá bi ọmọ léèrè: irú ìtàn wo lo rò pé ó ń bọ̀? Kí lo rí tàbí kí lo gbọ́ tí o fi rò bẹ́ẹ̀? Kí ó fi Yorùbá dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí fíìmù bá parí, ẹ jọ wò ó bóyá ìbẹ̀rẹ̀ náà mú àdéhùn ṣẹ.

Kí ẹ sì ka àwọn orúkọ. Ènìyàn ni gbogbo wọn, ẹni tó ran aṣọ, ẹni tó gbé iná, ẹni tó kọ orin. Kíkà á jẹ́ ìbà fún òṣìṣẹ́. Nínú àwọn orúkọ yẹn lónìí, ẹ óò rí David Oyelowo, ẹ óò rí John Boyega, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọmọ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé yẹ kó rí i pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gba ojú sinimá.

Ẹnì kan lè sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tó fi orí tì í dé òpin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ilé ọ̀rọ̀ kí a tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

 Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àṣèyí ṣàmọ́dún o!