Ẹni Tó Ti Ọsibítù Dé Nínú Oṣù Ààwẹ̀

   Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ààwẹ̀ wá bá nílé, ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí dókítà bá ti ní kí aláìsàn máa lọ ilé, ara rẹ̀ ti yá tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Awọ òkè lè ti padé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì ti yọ òwú, ṣùgbọ́n ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì le. Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀, yálà nítorí ìpá ni, tàbí aboyún tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn dókítà sábà máa ń ní kó fi yẹra fún ẹrù wúwo. Garawa omi tó kún, ẹrù wúwo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń rí nínú ilé tí à ń pè ní face-me-I-face-you. Yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, gbogbo ilé jí sí sààrì, gbogbo ilé ń gbààwẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú abọ́ ẹ̀bà ní aago méjì ọ̀sán? Ojú á máa ti aláìsàn. Òmíràn á kúkú gbààwẹ̀ náà. Òògùn tí wọ́n ní kó lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, á gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì pọ̀ nígbà sààrì. Èyí léwu púpọ̀. Òògùn tí wọ́n pín sí mẹ́ta, nítorí kó lè máa ṣiṣẹ́ nínú ara tọ̀sán-tòru ni wọ́n ṣe pín in, àpọ̀jù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì lè ṣe ara ní jàǹbá.

Ta ló pàṣẹ fún un? Kì í ṣe Ọlọ́hun. Nínú Súrátùl-Bàkárà, ẹsẹ 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò pé kí wọ́n san ààwẹ̀ wọn ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ó sọ ọ́, ẹsẹ kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tó bá jẹun nítorí òògùn rẹ̀, àṣẹ ló ń tẹ̀ lé.

Hadíìsì kan wà tí Abu Dawud gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jabir. Àwọn sàábé kan wà nínú ìrìn àjò, òkúta bá fọ́ orí ọ̀kan nínú wọn. Ní òru, ó lá àlá tó fi di dandan pé kó wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá àyè tayamámù wà fún òun. Wọ́n ní kò sí, nígbà tí omi wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, inú bí i gan-an. Ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ aláìsàn wò tí ẹ sì ń dá fátúwà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀: àwọn tí Ànábì bínú sí yìí kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí omi má kan ojú ọgbẹ́, ẹ fọ ibi tó kù, kí ẹ fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì náà. Bí omi kò bá ṣeé lò rárá, tayamámù wà. Ẹni tí kò lè dúró kírun, kó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ìyàwó ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá fún jù. Obìnrin tó bímọ, ì báà jẹ́ nípa iṣẹ́ abẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá ṣì ń dà, kò sí ààwẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kò sí ìrun; ààwẹ̀ nìkan ni yóò san. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọkọ tó ń retí pé kó jí ní aago mẹ́ta òru wá ro ọkà sààrì. Ọkà ríro nìyẹn o, pẹ̀lú ikùn tí wọ́n rán! Ẹ̀yin baálé, ẹ ro ó fúnra yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ náà, ẹ bá wa dá sí i.

Ìgbóbì kò jìnnà sí Ṣómólú. Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, ní ọdún 1945 ló sì di ilé ìwòsàn eegun. Ibẹ̀ ni a ti lè rí i pé iṣẹ́ ń bẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á to eegun, wọ́n á fi irin sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn bí ọmọdé. Eegun ojúgun lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó jiná. Ẹni tó sọ ọ̀pá rẹ̀ nù ní oṣù kìn-ín-ní nítorí pé ó fẹ́ lọ kí tarawihi, ó lè padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé àga sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí fún irú wọn.

Àmọ́ ìsinmi kì í ṣe kéèyàn máa sùn tọ̀sán-tòru. Rírìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, kó má baà dì sí ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dun èèyàn, tàbí mímí bá nira lójijì, bí ibà bá dé, tàbí ọyún ń jáde lójú ọgbẹ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìṣínu. Ẹ má sì tú òògùn kápúsù dà sójú ọgbẹ́. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ló ń bá ara tún ẹran ṣe.

Ní ti iṣẹ́, a mọ̀ pé ebi kì í dúró. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, tó ń gbé páálí bébà, àti ẹni tó ń wa yanrìn ní Ìlàjẹ Bàrígà, bí wọn kò bá jáde, owó kò wọlé. Ibi tí jàmáà ti gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nìyí. Nígbà tí Sa'd ọmọ Mu'adh fara gbọgbẹ́ lógun Khandaq, inú mọ́ṣáláṣí ni Ànábì pa àgọ́ sí fún un, kó lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Oúnjẹ ìṣínu tí à ń kó wá sí mọ́ṣáláṣí, ẹ bu abọ́ kan fún aláìsàn àdúgbò, kí ẹ sì bá a gbé iṣẹ́ tó rọrùn kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jókòó pẹ́.

Gbèsè ààwẹ̀ ńkọ́? Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ pé inú oṣù Ṣàbáànì ni òun ti máa ń ráyè san tòun. Ẹni tó jẹ ọgbọ̀n ọjọ́, bó bá ń gba Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbà fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò fi san án tán, kí ààwẹ̀ mìíràn tó wọlé. Ẹni tí ìrètí kò sí mọ́ pé yóò lè gbààwẹ̀ láéláé, kó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.